Dìráìfù Tí Kò Dáhùn

Àtàláátà, 10 Oṣù Kẹta, 2015

Wọ́n ti mú iná lọ. Kì í ṣe lílọ tó lọ ni mo ń bínú sí o, nítorí ta ló ń gbé àdúgbò Madina wa yìí lọ́dún yìí tí dumsọ, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò tíì mọ́ lára. Ìwé ètò iná wọn ló ń bí mi nínú. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù níbí, èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀: wọ́n ní títí di ìrọ̀lẹ́ ni iná àdúgbò wa lónìí. A ò tíì kírun Àsárì tí wọ́n fi pa á. Ta ló wá ń purọ́ nínú èmi àti bébà?

Kọ̀ǹpútà ń to fídíò ìgbéyàwó Zuweira pọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó kú. Bátìrì abẹ́ tábìlì tó yẹ kó dì í mú ti rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Nígbà tí iná padà dé, kọ̀ǹpútà tàn, gbogbo nǹkan pé, àfi dìráìfù tí mo ń kó iṣẹ́ sí. Dìráìfù tuntun, pẹlẹbẹ, tí ẹni tó tà á fún mi búra lé lórí pé kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó máa bàjẹ́.

Àwọn iṣẹ́ yòókù ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ti Zuweira nìkan ni kò ní. Káàdì kámẹ́rà sì ti gba ìsọmọlórúkọ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Àlàrùba, 11

Mo ti ṣí ikùn kọ̀ǹpútà. Mo pààrọ̀ okùn. Mo yí ojúhò padà. Mo so dìráìfù náà mọ́ láptọ́ọ̀pù ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni níbi gbogbo: òun rí nǹkan kan o, ṣùgbọ́n òun ò mọ bó ṣe tóbi tó, òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n kọ́kọ́ ìníṣálàìsì rẹ̀ ná. Ìyẹn ni pé kí n fọwọ́ sí i pé ilé tuntun ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbénú rẹ̀ rí, kí òun wá fa ìlà yàrá tuntun lé ohun tó wà níbẹ̀ lórí. Mo tẹ rárá. Ó tún béèrè. Mo tún tẹ rárá. Àfi bí ẹni tí kò gbédè.

Zuweira pè. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni bàbá rẹ̀ kú, Alhaji Àkíbù Àrówólò tó ń ta aṣọ ní Makola. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ó ní òun fẹ́ fídíò náà kíá. Mo ní iná ni kò jẹ́. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Jímọ̀, 13

Mo lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ Alhaji. Oòrùn mú bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. N kò tíì mu omi tí Ikrimah, àgbà nínú àwọn ọmọ, fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Sọ́ńdè tó sún mọ́ ọn, ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, ni àwọn máa ṣe ti ogójì, àwọn sì fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ àdúà tí bàbá ṣe fún ọmọ níbi ìgbéyàwó, nítorí àwọn kò ní ohùn rẹ̀ níbòmíràn. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún pariwo ọjà ní Makola, ọ̀dọ̀ mi nìkan ni ohùn rẹ̀ wà. Mo ní kò burú.

Kò sí ẹni tó ń bá Zuweira sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ó jókòó ti ògiri bí àlejò tí wọn kò retí. Bàbá wọn ṣàìsàn, Zuweira kò yọjú. Ikrimah pè é lórí fóònù, ó ní àfi kí bàbá fúnra rẹ̀ pe òun. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, kò sí ẹni tó lè làjà, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ti pinnu pé ó rí ọkọ, ó gbàgbé bàbá. Èmi náà ti ń dá a lẹ́jọ́ nínú mi, kí n má purọ́.

Ó sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní ṣé ibi tí bàbá ti ṣàdúà wà nínú fídíò. Mo ní ó wà. Ó wá fi Twi àti Gẹ̀ẹ́sì àti ìdá Yorùbá tó ní sọ ọ́ fún mi.

"Auntie Ìdí, Daddy sack mi. Lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí n má padà wá sí ilé òun."

Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀ pé bàbá kò fẹ́ kí òun fẹ́ ọmọ ẹ̀yà Ga, bó tilẹ̀ ti di Mùsùlùmí. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ ọ, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí òun lọ wò ó. Báwo ni òun ṣe máa wọ ilé tí wọ́n ti lé òun? Ó ní kí n gbé e síta lọ́jọ́ ogójì kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ohun tó ṣe fún òun.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ ni mo wà pẹ̀lú kámẹ́rà kejì nígbà àdúà náà, n kò gbọ́. Kámẹ́rà tó dúró lórí igi gbọ́, máìkì ara agbádá bàbá gbọ́. Ọlọ́run dárí jì mí, mo bínú sí òkú tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí èèyàn bí, lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Sátidé, 14

Mo lọ sí Circle. Fatawu ní tábìlì tó fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, èrò sì pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ni bíi tiwa, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ẹ káàárọ̀. Ó so dìráìfù mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ béèrè ìbéèrè òpònú tó ti ń béèrè lọ́wọ́ mi láti Àlàrùba, ọwọ́ Fatawu sì ti ń lọ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbá ọwọ́ náà mú.

Ó ní, "Madam, make I format am, e go work."

Ó máa ṣiṣẹ́, ta ló jiyàn. Bí a bá lé onílé jáde, yàrá á ṣófo dáadáa. Mo ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo wá gbà, kì í ṣe dìráìfù. Ó bínú, ó ní ẹ̀yin obìnrin Aláta, ẹ fẹ́ràn àríyànjiyàn jù. Mo bi í pé ẹ̀yà wo ni ìyá tirẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Mo kó nǹkan mi. Mo dúró de tròtrò, ọkọ̀ akérò, nínú oòrùn títí orí fi ń fọ́ mi.

Mọ́ńdè, 16

Wọ́n júwe ilé iṣẹ́ kan fún mi tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, kí wọ́n yọ ohun tó há sínú dìráìfù. Ẹ̀rọ amúlétutù, àga aláwọ, omi inú ife. Ọ̀gbẹ́ni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kò tilẹ̀ ṣí páálí tí mo fi wé dìráìfù náà. Ó ní Dubai ni àwọn máa fi dìráìfù náà ránṣẹ́ sí. Ó ní ó lè tó oṣù méjì. Owó rẹ̀ ju ti kámẹ́rà mi lọ, bí wọn kò bá sì rí nǹkan kan, owó ti lọ nìyẹn. Ó wá tẹ orí ba, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí n kò ní ẹ̀dà.

Ìbéèrè wo nìyẹn? Ilé ẹni ń jó, o ń bi í bóyá ó pọn omi sílẹ̀. Mo mu omi inú ife wọn tán kí n tó dìde, ó kéré tán mo jèrè ìyẹn.

Àlàmísì, 19

Iná kò dé rárá. Ooru. Wọ́n ti fi owó lé omi inú ọ̀rá.

Sọ́ńdè, 22

Mo rí i. Mo jókòó ti fóònù láti òwúrọ̀, mo ka ọ̀rọ̀ àwọn tí irú rẹ̀ ṣe ní ìlú wọn. Ẹnì kan ní iná lọ mọ́ òun náà lọ́wọ́, dìráìfù kọ̀, gbogbo èèyàn ní ó ti kú. Ó ní kò kú, ó dákú ni. Bí iná bá já mọ́ ọn lẹ́nu níbi tó ti ń kọ̀wé lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tó kó ẹrù ara rẹ̀ sí mọ́, bí o bá sì ń da ìbéèrè bò ó, ńṣe ló máa túbọ̀ dàrú. Okùn méjì ló ń wọ inú rẹ̀: ọ̀kan ń gbé iná wá, èkejì ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹ yọ okùn ọ̀rọ̀. Ẹ fi ti iná nìkan sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ pa á, kó sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe.

Fún un lóúnjẹ, má bá a sọ̀rọ̀. Ó wọ̀ mí létí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe máa ń ṣe èmi pàápàá bí mo bá ń bínú.

Ìlà ìsàlẹ̀ ni mo wá kà gbẹ̀yìn: iná kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú rárá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Dumsọ ló fa àìsàn, iná tí kò ní lọ sì ni oògùn rẹ̀.

Àtàláátà, 24

Ìwé ara ògiri ní iná wa lónìí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa fóònù, mo yọ okùn ọ̀rọ̀, mo tan án. Mo jókòó, mo káwọ́ lé itan bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Mo ń ka tẹ̀súbáà lọ, ara mi ti ń balẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n mú iná lọ.

Mo jáde síta, mo sọ ohun tí kò yẹ kí obìnrin tí tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ. Àwọn tó ń gbọ́ mi ní ìta sì ń sọ irú rẹ̀. Mo fa ìwé ètò náà ya lára ògiri. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ló bó.

Àlàmísì, 26

Mo yá jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi, mo ra epo sí i. Kí n tó so nǹkan kan mọ́ ọn, mo tan gílóòbù wò. Gílóòbù ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣókùnkùn, ó tún ń mọ́lẹ̀, bí ojú ẹni tí iyanrìn wọ̀. Bí mo bá fi ìyẹn bọ́ dìráìfù tó dákú, màá sìnkú rẹ̀ lónìí. Mo dá a padà fún un. Ó ní ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ òun dára, òun fi ń gẹ irun. Mo ní irun kì í kú.

Sátidé, 28

Ikrimah wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un tán, láti ọjọ́ tí iná ti lọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó wá ní, "Auntie, Zuweira ló ní kí ẹ má gbé e sílẹ̀, àbí?"

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń dùn. Ó ní wọ́n rí èmi àti òun ní ẹnu géètì lọ́jọ́ fídáù, à ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní ojú ń ti Zuweira pé kí àwọn èèyàn gbọ́ bí bàbá ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, nígbà tó jẹ́ pé òun ló pa á tì. Ó ní bí kò bá sí ohùn bàbá lọ́jọ́ ogójì, òun máa sọ orúkọ mi ní mọ́ṣáláṣí, kí àwọn èèyàn mọ ẹni tí wọ́n ń fi ìgbéyàwó ọmọ wọn lé lọ́wọ́.

Ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbé kámẹ́rà káàkiri àwọn Zongo wọ̀nyí, àdúgbò àwa Mùsùlùmí. Mo ti ya ìgbéyàwó Ikrimah fúnra rẹ̀, tí òjò ba àgọ́ jẹ́, tí mo fi ìborùn mi bo kámẹ́rà dípò orí mi. Mo fẹ́ rán an létí. Mo tún fẹ́ bi í pé èwo nínú ìfẹ́ ni kí bàbá lé ọmọ jáde lójú àwùjọ. Mo gbé e mì. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó lọ, kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Mọ́ńdè, 30

Òjò àkọ́kọ́. Ó ká iná lọ́wọ́, iná sá lọ.

Àlàmísì, 2 Oṣù Kẹrin

Ibo ni iná kì í ti í lọ ní Madina? Ibi tí ẹja wà. N kò mọ ohun tó dí mi lójú láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n Tàíbátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kóòdù-sítọ̀ lẹ́yìn ọjà, tó ti ń ta ẹja dídì àti adìyẹ. Bí iná ìlú bá lọ níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá tiwọn ń gbà á, ẹ̀rọ kan sì wà láàárín méjèèjì tí kì í jẹ́ kí iná fò. Wọ́n fi ń tọ́jú tìtùs, ó sì máa tó fún èmi náà.

Ẹ̀gbọ́n Tàíbátù ní ṣé orí mi pé. Mo ní kí wọ́n wulẹ̀ fún mi ní ojúhò kan. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí páálí, mo jókòó sórí páálí kejì, mo wọ súwẹ́tà wọn. Àwọn tó wá ra ẹja ń kọjá lórí mi. Ẹnì kan bi mí pé èló ni mo ń ta tẹlifíṣọ̀n náà.

Okùn iná nìkan. Mo kọ ojú sí ògiri kí ọwọ́ mi má baà yá. Iná ìlú lọ lẹ́ẹ̀kan, gílóòbù kò tilẹ̀ mọ̀. Mo pa á, mo jẹ́ kó sinmi, mo tún tan án, mo tún dúró. Ẹsẹ̀ mi ti kú sára mi. Lẹ́yìn ìyẹn mo pa á, mo fi okùn ọ̀rọ̀ sí i, mo tan kọ̀ǹpútà.

Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn gbé orúkọ dìráìfù náà síta bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí, gbogbo fáìlì lórí ìlà, àti ti Zuweira. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú dìráìfù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó dìde lórí páálí. Ẹ̀gbọ́n Tàíbátù ní kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo ní òtútù ni.

Jímọ̀, 3

Lẹ́yìn ìrun, mo jókòó gbọ́ àdúà náà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe burú tó kí Zuweira, tí mo ti pè, tó dé lọ́la.

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ohùn rẹ̀ dá ṣáká, máìkì gbé e dáadáa. Ó kọ́kọ́ fi Lárúbáwá ṣe é, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Yorùbá:

"Zuweira, ilé mi tí o ń jáde lọ yìí, o ò ní padà sí i mọ́. Ẹrù rẹ ò ní padà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. O ò ní dálémosú. Ilé ọkọ rẹ ni wàá gbó sí, ibẹ̀ ni wàá tọ́ sí."

Gbogbo ilé ní, "Àmín." Ikrimah wà lẹ́yìn bàbá, òun ni ohùn rẹ̀ ga jù. Kámẹ́rà wà lójú ìyàwó ní tààrà. Kò ṣe Àmín. Ó kàn ń wo ilẹ̀, ètè rẹ̀ pa dé, mo sì rántí pé mo rí ojú yẹn lọ́jọ́ náà, mo ní ìtìjú ìyàwó tuntun ni, ó máa rẹwà nínú fídíò.

Mo pa á. Mo tún un gbọ́. Mo pa á.

Láti bí oṣù kan, mo ti mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Oníná ni, Fatawu ni, ọ̀gbẹ́ni Dubai ni, Ikrimah ni. Ta ni kí n bínú sí báyìí? Bàbá tó fi ẹnu ara rẹ̀ súre, tó wá gba ìdílé ọkọ tí kò fẹ́ tẹ́lẹ̀? Àbí ọmọ tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́? Gbogbo wa ni mo ń bínú sí. À ń fi Twi bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé kí wọ́n má baà pè é ní Aláta ní ilé ìwé, à ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a wí, ọjọ́ tó bá wá dàgbà, a máa gbé ọwọ́ lé e lórí, a máa fi Yorùbá àwọn bàbá wa súre fún un, a sì máa retí kí ó ṣe Àmín. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó bojú wò ó bóyá ó gbọ́. Èmi náà ni mo ń wí. Ọmọ mi méjì, bí mo bá ní ẹ kú ìjókòó, wọ́n á bi ara wọn pé ta ló kú.

Mo rò ó bóyá kí n má sọ fún un. Bí ó bá gbà pé bàbá lé òun, ó ní ẹni tó máa bínú sí, ìbínú á gbé e ró. Bí ó bá mọ òótọ́, kí ló kù fún un?

Sátidé, 4

Ó dé ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù ìbínú tó ti rán sílẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Auntie, ẹ gbọ́ ọ? He said it, àbí?"

Mo ní ó sọ ọ́. Mo gbé e fún un. Nígbà tí bàbá dé ibẹ̀, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ibẹ̀ nìyẹn, kí n wá gbọ́. Mo dá a dúró. Mo bi í pé kí ni dálémosú. Ó ní òun kò mọ̀, òun rò pé orúkọ obìnrin burúkú ni, pé bàbá ń bú òun mọ́ ọn.

Mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, mo sì tún un sọ ní Twi, kí ó má sí ohun tó máa ṣubú láàárín. Mo ní obìnrin tí ilé ọkọ kò gbà, tó kó ẹrù rẹ̀ padà wá máa gbé ilé bàbá rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá kò fẹ́ kó di tìrẹ. O ò ní padà, ìyẹn ni pé ọkọ rẹ ò ní lé ọ, ayé ò ní lé ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe súre fún èmi náà. Ilé bàbá mi ni mo ti jẹun ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ó yọ ìka kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Fáànù ń yí lórí wa.

Ó ní, "Auntie, mo jókòó sílé. Mo ń dúró kó pè mí."

Mo ní mo mọ̀.

"Òun náà ń dúró dè mí?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbà mí láyè. Ẹkún náà dé lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹkún tí èèyàn lè pẹ̀tù sí, mo kàn jókòó tì í. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ojú, ó ní kí n gbé e fún Ikrimah bó ṣe wà, kí n má gé nǹkan kan kúrò, ojú òun náà kó wà níbẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ló máa sọ fún wọn ohun tí òun gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ó wá bẹ̀ mí kí n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Mo dá a padà. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní o ò ní padà, ó ní o ò ní dálémosú, ó ní wàá gbó, wàá tọ́. Zuweira tẹ orí ba níwájú kọ̀ǹpútà mi, ó sì ní, "Àmín, Daddy."